Ta Ló Pa Lib64 Rẹ́?

Orí ìkúnlẹ̀ ni Inspẹ́kítọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún wà lábẹ́ tábìlì, tó ń fi ìka tọ wáyà kọ̀ǹpútà lọ sídìí ògiri, nígbà tó rí bàtà Dọ́kítà Ayọ̀rìndé tó ń sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Dọ́kítà, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn o."

"Mo fẹ́ pa á ni. Ẹ jẹ́ ká gbé òun àti ọ̀daràn yìí pọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

"Bẹ́ ẹ bá pa á, òkú lẹ ó gbé fún mi. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi òkú léèrè ọ̀rọ̀."

Bàtà náà fà sẹ́yìn. Rẹ̀mílẹ́kún jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. Wáyà kankan kò já. Ẹnikẹ́ni kò tú ẹ̀rọ náà wò. Iná ìjọba ti lọ ní tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń ké lẹ́yìnkùlé, ó sì ti ń wúkọ́ bí èyí tí epo fẹ́ẹ́ tán nínú rẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìyìn ni ilé náà wà, ní ìpẹ̀kun Adó. Ibẹ̀ ni Dọ́kítà Bámidélé Ayọ̀rìndé, olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń gba ohùn àwọn àgbà Èkìtì sílẹ̀, ìlú dé ìlú, kí èdè ẹnu wọn má baà bá wọn wọlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ohùn náà wà, ní àpò-àpò tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dọ́kítà fẹ́ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ló bá pe ọlọ́pàá. Ẹni tó nawọ́ sí ni Olúyẹmí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ, tó jókòó báyìí sórí àpótí ní kọ̀rọ̀, tó káwọ́ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá fi lè gbà pé òun ló ṣe é, àtìmọ́lé ni Olúyẹmí máa sùn.

Inú Rẹ̀mílẹ́kún kò dùn kó tó wọlé rárá. Àgádágodo tó ti dípẹtà ló bá lẹ́nu géètì iwájú. Ó ní láti yí ilé po, kó gba inú ẹrẹ̀, kó tó rí ti ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ náà ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Olúyẹmí, dìde. Wá fi hàn mí."

Ọmọkùnrin náà dìde, ó na ọwọ́ sí fèrèsé dúdú kan lójú ẹ̀rọ, níbi tí àmì funfun kékeré kan ti ń ṣẹ́jú.

"Gbogbo ohun tó kù láàyè nìyí, mà. Tí n bá ti fèrèsé yìí pa pẹ́nrẹ́n, kò sí òmíràn tó máa ṣí mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì pa ẹ̀rọ, kò ní jí." Ó tẹ lẹ́tà méjì, l àti s. "Irinṣẹ́ tó máa ń ka ohun tó wà nínú fódà fún wa nìyí."

Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò rí i!" Dọ́kítà pariwo. "Ó ti pa á rẹ́!"

"Mi ò pa á rẹ́, sà. Ẹ wò ó." Olúyẹmí tún tẹ nǹkan mìíràn. "Èyí kì í pe irinṣẹ́ kankan. Ẹnu fèrèsé yìí fúnra rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀." Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí ọkà tó bọ́ lára ṣíírí. Ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. "Ẹ rí ls níbí. Ó wà ńbẹ̀. Tí n bá wá pè é, wọ́n á ní kò sí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìwà ọ̀daràn kan ti mú un ronú.

"Mo dé ẹnu ọ̀nà ẹnì kan," ó ń dá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "mo rí i lórí àga, wọ́n sì ní kò sí nílé. Bí kì í bá ṣe irọ́, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni kò sí nílé. Olúyẹmí, ta ni ls máa ń pè kó tó dìde?"

Ọmọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí kò retí ìbéèrè gidi.

"Adènà, mà. Irinṣẹ́ kì í dá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yìí. Á kọ́kọ́ pe adènà, adènà á bá a kó àwọn ohun èlò tó máa lò jọ. Àdírẹ́sì tí gbogbo wọn mọ̀ fún adènà náà ni lib64." Ó gbé itọ́ mì. "Lib64 ló sọnù."

Dọ́kítà Ayọ̀rìndé fò dìde.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀! Ó mọ ohun tó sọnù! Lib, láíbìrì nìyẹn. Ẹrìnlélọ́gọ́ta, àpò kẹrìnlélọ́gọ́ta. Inspẹ́kítọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú àpò kẹrìnlélọ́gọ́ta? Ohùn tí mo gbà ní Ìjan ni. Ohùn bàbá mi ni." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Bàbá ti kú. Èmi ò lè padà lọ gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí lọmọ yìí ní ohùn Ìjan ti ń gba àyè jù, pé ká kó o kúrò. Mo bá a wí. Ẹ̀san ló ń gbà."

Rẹ̀mílẹ́kún kò bá a jiyàn. Ìdí wà, ìjà wà, orúkọ sì wà. Ẹlòmíràn ì bá ti yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

"Kí lo rí sọ, Olúyẹmí?"

"Lib yẹn kì í ṣe láíbìrì ohùn, mà. Àká tí ẹ̀rọ ń kó ohun èlò ara rẹ̀ sí ni. Ẹrìnlélọ́gọ́ta yẹn kì í ṣe nọ́ńbà àpò rárá. Bí òkèlè tí ẹ̀rọ ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣe tóbi tó ni."

"Òkèlè?" Dọ́kítà yíjú sí i. "Ta ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe é ni, sà."

"Orúkọ burúkú ni."

"Orí ọ̀rọ̀ yẹn la ti jọ fẹnu kò," Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Fi ibi tí ohùn wà hàn wá."

Olúyẹmí fi ẹnu fèrèsé dúdú bèèrè. Gbogbo àpò ohùn jáde ní títò. Kẹrìnlélọ́gọ́ta wà láàárín wọn, Ìjan ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ohunkóhun kò ṣe é. Wọn ò kàn lè gbọ́ ọ ni, nítorí irinṣẹ́ tó ń gbé ohùn jáde náà ń wá adènà kiri.

Dọ́kítà Ayọ̀rìndé rọra jókòó. "Ó wà," ó wí.

"Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti dí nìyẹn," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Olúyẹmí, níbo lo wà láàárọ̀?"

"Mo... mo jáde lọ jẹ iyán, mà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Obìnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó gbé àwo iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dání. Màmá Títílayọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Dọ́kítà, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń bá àbúrò rẹ̀ to ohùn àwọn àgbà báyìí. Èdè Adó ló mọ́ ọn lẹ́nu, kò yí i padà fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Olúyẹmí, uyán rẹ rèé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀daràn lẹ ń gbé oúnjẹ fún yẹn!"

"Ṣé ebi kì í pa ọ̀daràn ni?"

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. Bó ti ń jáde lọ, ó rí fáànù méjì tó ń yí lókè, ó sì na ọwọ́ pa ọ̀kan. "Kí la ń fi méjì ṣe?" Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti tẹ́tí.

Olúyẹmí ti bu òkèlè àkọ́kọ́. Ó bu ìkejì. Ìkẹta kò jẹ́ kí ìkejì dé ọ̀fun. Rẹ̀mílẹ́kún ń wò ó.

"Olúyẹmí."

"Mà?"

"Ẹni tó ti jẹ iyán láàárọ̀ kì í gbé òkèlè báyìí."

Ọwọ́ ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu àwo.

"Àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo lọ," ó wí, ó dorí kodò. "Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ ló ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mi ò fẹ́ kí Dọ́kítà mọ̀. Mo sáré débi pé mi ò jáde kúrò lórí ẹ̀rọ kí n tó lọ. Orúkọ ọ̀gá àgbà ni mo fi wọlé, orúkọ tó lè ṣe ohunkóhun láìtọrọ àyè. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mà. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi."

Dọ́kítà ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

"O fẹ́ fi wá sílẹ̀?"

"Ẹ máa ń pariwo mọ́ mi lójoojúmọ́, sà."

"Ta ni mo tún fẹ́ pariwo mọ́? Ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ mi ń yé."

Rẹ̀mílẹ́kún bojú wo òrùlé kí wọ́n lè nu ojú wọn. Fáànù kan ń yí, ìkejì dúró.

Ó tẹjú mọ́ fáànù tó dúró náà. Ó bojú wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀.

"Dọ́kítà, ta ló ti géètì iwájú pa?"

"Géètì? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní géètì méjì ti pọ̀ jù fún ilé kan. Kí ló kan géètì nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Rẹ̀mílẹ́kún fa àga sún mọ́ Olúyẹmí.

"Ẹ jẹ́ ká rò ó bó ṣe yẹ. Olè á kó ohùn lọ, ohùn sì pé. Ọ̀tá á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ nǹkan kan ṣoṣo ló lọ. Lib64 tó sọnù yìí, ṣé ó ní ìkejì?"

"Ó ní, mà. Fódà kan wà tó ń jẹ́ usr. Lib64 wà nínú òun náà."

"Ó ṣì wà ńbẹ̀?"

Olúyẹmí bèèrè lọ́wọ́ fèrèsé dúdú. Ohun èlò kún ojú ẹ̀rọ títí dé ìsàlẹ̀. "Ó kún fọ́fọ́, mà."

"Ìbejì ni wọ́n, nígbà náà. Ẹnì kan rí méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ó mú ọ̀kan kúrò. Èyí tó fi sílẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

"Usr/lib64."

"U ló wà níwájú rẹ̀." Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ Ìyìn lòun náà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn ilé sọ ọ́: "Màmá, ẹ kúuṣẹ́ àná. Uṣẹ́ wo lẹ ṣe láàárọ̀ yìí?"

Ojú Màmá Títílayọ̀ tàn. "Uṣẹ́ tí Bámidélé gbé fún mi ni, ọmọ mi. Mo ń kó ohun tó bá wà ní méjì kúrò nínú ẹ̀rọ. Àwọn tó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ ní méjì méjì. Ilé, ulé. Iyán, uyán. Iná, uná. Bámidélé ní àyè ti ń tán. Ó ní èyí tó bá ní U níwájú, tiwa ni, kí n fi í sílẹ̀. Kí n pa èkejì rẹ́."

"Ẹ sì bá lib64 pàdé."

"Mo bá a pàdé! Olúyẹmí ò sí níbẹ̀. Mo ń tẹ ibi tó ń gbéni lọ sí fódà òkè, mo ń gòkè, mo bá dé ibì kan tí gbogbo nǹkan wà ní méjì. Lib níta, lib nínú usr. Bin níta, bin nínú usr. Mo ní, irú pàǹtí wo rèé! Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ba lib64. Mo ṣí ti ìta, mo ṣí ti usr, ohun kan náà ló wà ńbẹ̀, láìyẹ̀ ọ̀kan. Ọ̀kan ní U, ọ̀kan kò ní. Mo pa èyí tí kò ní U rẹ́. Àtìgbà yẹn lẹ̀rọ ò ti jẹ́ kí n ṣí nǹkan mìíràn, ni mo bá lọ gúnyán."

Ẹnu Dọ́kítà là sílẹ̀, kò sì pa dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò sì sọ?"

"Ta ló bi mí? O ń ké pé wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́. Èmi ò ba nǹkan jẹ́. Mo tún ulé ṣe ni."

Lẹ́yìn náà ló bojú wo Olúyẹmí, ó rí àwo iyán tó wà níwájú rẹ̀, ó rí aṣọ ọlọ́pàá lára Rẹ̀mílẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára. Ó di apá àga mú.

"Ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ mú un lọ? Inspẹ́kítọ̀, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Bámidélé, jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ."

"Kò sí òfin tó ń mú ẹni tó gbálẹ̀, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbé ohùn. Gbogbo wọn tẹ́tí sí i títí ó fi dúró déédéé.

"Ó kù ká rí ohun tó nù," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Màmá, ẹ ní ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ṣé wọ́n jọra láti ìta náà? Ẹ rò ó dáadáa."

"Wọ́n jọra. Àfi pé..." Màmá fi ìka ya nǹkan kan sójú afẹ́fẹ́. "Èyí tí mo pa, ọfà kékeré kan wà lára rẹ̀."

"Ọfà?"

"Ọfà."

Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Ojoojúmọ́ ló ń gba oríta tó wà níwájú ilé yìí lọ sílé.

"Olúyẹmí, pátákó kan wà ní oríta yìí. Wọ́n kọ Ìyìn sí i, wọ́n ya ọfà sí i. Bí ẹnì kan bá hú pátákó yẹn lálẹ́ òní, ṣé Ìyìn á kó kúrò níbi tó wà?"

Ọmọkùnrin náà ń wò ó. Ó wá na ọwọ́ gbá tábìlì.

"Mà! Pátákó ni! Kì í ṣe ilé ni Màmá pa rẹ́, pátákó ni! Ilé gan-an ni usr/lib64. Ti ìta kàn ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó mọ orúkọ àtijọ́. Lórí ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ṣẹ́, ilé méjì ni wọ́n lóòótọ́, mo wá rò pé ti ibí náà rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun ò ṣòfò!" Ayọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ lójijì. "Àmọ́ irinṣẹ́ tó ń ri pátákó mọ́lẹ̀, adènà lòun náà máa kọ́kọ́ pè. Orúkọ àtijọ́ ló sì máa fi pè é."

"Adènà ńkọ́? Ṣé ó wà nílé?"

"Ó wà ní usr/lib64, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ ni."

"Kí lo wá ń retí irinṣẹ́ fún? Ìwọ fúnra rẹ lọ kan ilẹ̀kùn adènà, lórúkọ tí Màmá fi sílẹ̀. Ní kó dìde, kó bá ọ gbé irinṣẹ́ náà wá."

Olúyẹmí nu ọwọ́ iyán sí ṣòkòtò, Màmá ṣíjú wò ó, kò bá a wí. Ó tẹ orúkọ adènà láti ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀, orúkọ gígùn tó rí wúruwùru. Ó tẹ orúkọ irinṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ó kọ ibi tí ọfà máa kọjú sí. Ó wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún un wò, ó wá tẹ ìka kalẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò sọ nǹkan kan.

"Kò fèsì," Dọ́kítà wí, jìnnìjìnnì bò ó.

"Tó bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn, sà." Olúyẹmí tẹ l, ó tẹ s. Orúkọ tò wá sójú ẹ̀rọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, lib64 láàárín wọn.

Kò bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó ṣí àpò kẹrìnlélọ́gọ́ta.

Àgbàlagbà kan kọ́kọ́ wú ikọ́, àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ohùn náà wá jáde, ó há díẹ̀, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀: *Ṣé mo ti lè máa sọ ọ́? Ó dáa. Ulé làbọ̀ sinmi oko.*

Màmá Títílayọ̀ fi ìró bo ojú. Dọ́kítà dúró lẹ́yìn àga Olúyẹmí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà, kò sì gbé e kúrò títí ohùn fi parí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Bátìrì kékeré abẹ́ tábìlì, tó gba ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀, ń pariwo, Olúyẹmí rọra pa ẹ̀rọ náà. Ẹnikẹ́ni kò fòyà.

"Mo fa ẹ̀sùn mi padà, Inspẹ́kítọ̀," Dọ́kítà wí. Ó bojú wo ọmọkùnrin náà. "Adébáyọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la, sà." Olúyẹmí ń fi ìka yí etí àwo. "Mi ò mọ̀ bóyá màá lọ. Ẹ lè máa pariwo díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà má pe ọlọ́pàá mọ́ ọn."

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ṣì tutù.

Rẹ̀mílẹ́kún ti gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ẹ yí òfin yín padà, Dọ́kítà. Àwọn ilé tí kò ní U yẹn, ẹ má pa wọ́n rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará Ìbàdàn tó bá wá bèèrè ilé, ulé ò ní yé e. Ẹ fi ohùn sí ulé, kẹ́ ẹ ri pátákó sí ilé fún un."

"Pátákó ò sì ń gba àyè," Olúyẹmí wí kíá.

"Kò gba àyè?" Màmá Títílayọ̀ yọ ojú lábẹ́ ìró. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Rẹ̀mílẹ́kún dágbére, ó kọrí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń múra ọkàn de ẹrẹ̀. Kò tíì dé ìdí jẹnẹrétọ̀ tó fi gbọ́ tí irin ń han níwájú ilé.

"Inspẹ́kítọ̀! Níbo lò ń lọ?"

Màmá Títílayọ̀ ló dúró ti géètì iwájú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ kan, àgádágodo wà lọ́wọ́ kejì, ìpẹtà ti kun gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi èjìká ti irin náà títí tó fi là.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Màmá," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Má yọ mí lẹ́nu jàre. Gba ibí, ọmọ mi. Ulé kan náà ni."

Rẹ̀mílẹ́kún gba ibẹ̀. Nígbà tó dé oríta, ó yà síbi tí ọfà kọjú sí.